Ọmọ Ọba Tó Ní Ká Fi Ọtí Sílẹ̀

Ọjọ́ tí ọmọ ọba náà kọ́kọ́ wọ àtẹ́lìyé ìránṣọ mi ní Bassila, kò jókòó. Ìjókòó onípákó tí àwọn oníbàárà mi ń lò wà níwájú rẹ̀, mo sì ti fi àkísà nù ún, ṣùgbọ́n ó dúró, ó ń wò ó bí ẹni tó bá ajá àjèjì pàdé lójú ọ̀nà. Awakọ̀ rẹ̀ ló sáré jáde nínú ọkọ̀, tó mú aṣọ kan wá, tó tẹ́ ẹ sórí pákó náà. Ìgbà náà ló tó fìdí lélẹ̀. Ó wá sọ fún mi ní èdè Faransé pé òun wá ja ìjà àwọn obìnrin bíi tèmi.

Mi ò mọ̀ pé mo ní ìjà kankan nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Aṣọ ilé-ìwé ni mò ń rán, mo sì ń ronú ohun tí màá sè.

Ọba kan tó ti wàjà ní Manigri ni bàbá rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti mú un lọ kàwé ní Kútọnu, ibẹ̀ náà ló sì ti lọ́kọ, ọkọ olówó, ọkọ onípò. Nígbà tí ọkọ náà kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti fọ́n ká ìlú òyìnbó, ó ní òun ń bọ̀ wálé wá tún ìlú bàbá òun ṣe. Kò gbé ní Manigri tó fẹ́ tún ṣe o. Ó ní erùpẹ̀ ibẹ̀ pọ̀ jù fún èémí òun. Bassila ló ti gba ilé, ilé olódi gíga, tó fi òdòdó yí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ká. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa lọ tún Manigri ṣe, tí yóò sì máa padà wá wẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Èmi ló wá bá nítorí pé ó nílò ẹnu. Ọmọdé ni nígbà tó kúrò nílé, Nàgó tí a ń sọ ní Manigri kò sì dàgbà lẹ́nu rẹ̀ ju ìgbà náà lọ. Ó lè béèrè omi, ó lè béèrè ìyá rẹ̀, ó lè bú ènìyàn. Anii tí wọ́n ń sọ ní Bassila, kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Wọ́n bí èmi ní Manigri, mo lọ ilé-ìwé ní Bassila, mo sì gbọ́ èdè méjèèjì àti Faransé. Ìyá mi ti kọ́ wa pé a kì í kọ̀ fún ọmọ ọba, mo sì ń wò ó pé iṣẹ́ náà kò ní pẹ́. Lójú rẹ̀, Tátà ni mò ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin ní Kútọnu, mo sì ń fi "ẹ̀yin" bá a sọ̀rọ̀. Nínú ìwé yìí, "ó" ni màá lò, torí ìwé kì í kúnlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ló gbé wá. Èkíní ni pé kí àwọn ènìyàn fi ọtí sílẹ̀, pàápàá jù lọ sódàbì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu sè. Èkejì ni pé kí obìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ àti igi tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Màá sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ méjèèjì dára. Ẹni tó bá dàgbà ní Manigri mọ àwọn ọkùnrin tí sódàbì ti sọ di ẹrù fún ìyàwó, ó sì mọ àwọn obìnrin tó gbin kajú títí igi fi ga ju ilé lọ, tí wọn ò lè pe ewé kan níbẹ̀ ní tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà kọ́ ló bí mi nínú. Ẹnu tó ń sọ ọ́ ni.

Ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Manigri la ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́. Àwọn ọkùnrin gba gbogbo àga tó wà níwájú, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n torí wọn pe ìpàdé jókòó sẹ́yìn lórí ẹní, wọ́n ń fún ọmọ lọ́mú. Ọmọ ọba dìde nínú aṣọ funfun, ó ní kí àwọn obìnrin dá ara wọn sílẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyá àgbà kan fà mí lápá, ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ta ló dè wọ́n. Ọmọ ọba fẹ́ mọ ohun tí ìyá náà sọ. Mo ní ó ń dúpẹ́ ni.

Ọkùnrin tó dìde fún ìdúpẹ́ lórúkọ gbogbo ọkùnrin ìlú ni ẹ̀gbọ́n ọmọ ọba fúnra rẹ̀, ọmọ bàbá kan náà, olórí agboolé wọn. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni òórùn sódàbì ti dé. Ó gbá àyà, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ọkùnrin kan kò ní fẹnu kan ọtí mọ́ ní Manigri, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyà kò ní jẹ obìnrin mọ́. A pàtẹ́wọ́. Ọmọ ọba nu ojú. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, gbogbo wọn ti pé sí ẹ̀yìn ibùdókọ̀, lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta sódàbì, wọ́n ń fi ife kékeré súre fún ọmọ ọba pé kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Wọ́n ní ọmọ tó jọ bàbá rẹ̀ ni.

A ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní Bassila náà, láàárín àwọn Anii. Èyí kò gùn tó ti Manigri, torí àwọn ará Bassila kì í fi àkókò ṣòfò lórí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ọba tiwọn.

Lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé, ó máa ń dá mi dúró kí n bá òun jẹun. Mo rántí ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé ìgò wáìnì pupa sórí tábìlì. Mo wò ó, mo wo ìgò, mo sì bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá èyí kò sí lára ohun tí a ní kí àwọn ènìyàn fi sílẹ̀. Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣàlàyé fún ọmọdé.

Ó ní, "Èyí kì í ṣe ọtí. Oúnjẹ ni."

Ó wá mu oúnjẹ náà títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

Lẹ́yìn àwọn ọkùnrin, ó kọjú sí àwọn obìnrin tó ń pọn ọtí. Opó kan wà ní agboolé wọn, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, tó ń pọn ṣùkútù, ọtí ọkà bàbà tí wọ́n ń fi igbá mu. Àbúrò ọmọ ọba, ọmọ bàbá kan náà, ló fẹ́ ẹ, ọkùnrin náà sì ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Nípa bẹ́ẹ̀, ìyàwó ilé ni obìnrin náà jẹ́ fún ọmọ ọba, ọkọ sì ni ọmọ ọba jẹ́ fún un, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sínú agboolé ṣe jẹ́ ọkọ fún obìnrin tí wọ́n gbé wọlé. A débẹ̀ lówùúrọ̀, ìkòkò ń hó. Ọmọ ọba kò kí i tán tó fi ní kí awakọ̀ òun da ìkòkò náà nù. Awakọ̀ wò mí. Kò sóhun tí mo lè ṣe fún un. Ó ti ìkòkò náà ṣubú, ọtí ṣàn lọ sábẹ́ ògiri, adìyẹ sì ya lù ú. Opó náà kúnlẹ̀, kò sunkún. Ó ní, "Ẹ ṣé, ọkọ mi. Kí wá ni kí n máa ṣe báyìí?"

Ọmọ ọba ní kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ. Opó náà wá kọ́ ọ ní Bassila pẹ̀lú àwọn obìnrin mìíràn. Ọṣẹ ọ̀hún lẹ́wà, ó ní àwọ̀ ewéko, ó ń ta sánsán. Kò sẹ́ni tó rà á, nítorí gbogbo obìnrin tí wọ́n lè tà á fún ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Nígbà tí ọyẹ́ ń tán lọ, tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, opó yìí wá bá mi ní àtẹ́lìyé kí n tó ṣílẹ̀kùn. Ó ní olórí agboolé, ẹni tó gbá àyà ní ìpàdé, ti ránṣẹ́ sí òun pé kí òun má dé oko kajú mọ́. Òun àti ọkọ òun ló gbin gbogbo igi tó wà níbẹ̀. Òun ló ń ru omi nígbà tí igi kéré, oyún wà nínú òun. Olórí agboolé sì ní oko ẹbí ni, pé obìnrin kì í jogún igi, pé obìnrin sì ni àwọn ọmọ opó náà, wọn yóò lọ ilé ọkọ. Ó fẹ́ kí n mú òun lọ bá ọmọ ọba.

Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo ní ìjà tí ọmọ ọba sọ pé òun wá jà ti dé báyìí, ó ti bá a lórí àga.

Ọmọ ọba gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun. Ó ní kí opó náà ṣe sùúrù, pé ọ̀rọ̀ ilé ni, pé a kì í fi ọ̀rọ̀ ilé ọba han ará ìta. Òun yóò rí ẹ̀gbọ́n òun ní pẹ̀lẹ́. Opó náà dúpẹ́, ó jáde. Èmi kò jáde.

Mo ní, "Tátà, ṣé ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin kò wọ agboolé tiyín ni?"

Ó ní kí n máa lọ sílé. Mo lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀ parí síbẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ tó ti pẹ́ nílẹ̀ rán. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ tún fi dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó fẹ́ lọ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì fẹ́ kí Nàgó ọmọdé òun di ẹ̀rín lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní àgbàlá olórí agboolé ní Manigri, àwọn ọkùnrin jókòó lábẹ́ àtíbàbà, ife wà nílẹ̀. Ọmọ ọba kí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́ lóòótọ́, ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní bàbá. Ó ní bóyá wọ́n lè fi apá kan oko náà sílẹ̀ fún opó yẹn, kí aráyé má bàa sọ̀rọ̀ wọn láìdáa. Apá kan. Mo túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú.

Ọkùnrin náà kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Kò fún àbúrò rẹ̀ ní àga. Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ júwe ẹní tí àwọn ìyàwó ilé jókòó sí lẹ́bàá ààrò, ó ní, "Lọ jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ igi, obìnrin a máa wo ọbẹ̀." Àwọn tó yí i ká rẹ́rìn-ín, àwọn kan nínú wọn sì kéré débi pé ọmọ ọba lè bí wọn.

Èyí kò nílò ògbufọ̀. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí. Mo ti rí i tí wọ́n sọ fún un pé ọkọ lu ìyàwó títí ó fi fọ́jú kan, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i tí opó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹní yìí ló wọ̀ ọ́ lára. Ó yí padà, ó wọ ọkọ̀, a sì padà sí Bassila.

Kí ojúmọ́ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ó ti wà nínú oko kajú, lórí àga tí awakọ̀ rẹ̀ gbé láti Bassila. Ó wé gèlè, ó so ìlẹ̀kẹ̀ bàbá rẹ̀ mọ́ ọrùn, agboòrùn ńlá wà lórí rẹ̀. Opó náà àtàwọn obìnrin bíi mélòó kan ń ṣa kajú yí i ká, wọ́n ń yọ kóró rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ìró alùpùpù. Olórí agboolé ló ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó gbé àpò dání.

Mo ń dúró kó sọ ohun tó yẹ kí n túmọ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Nàgó tí kò gbó yẹn ló fi sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ń kọsẹ̀, ó sì ń dé ibi tó ń lọ.

Ó ní, "Bàbá mi ló gé igbó yìí. Àbúrò mi ló fẹ́ obìnrin yìí. Àbúrò mi kú, èmi ni ọkọ tó kù fún un. Ọkọ ló ń fún ìyàwó ní oko, mo sì ti fún un. Ẹni tó bá fẹ́ mú kóró kan níbí, kó kọ́kọ́ gbé mi dìde lórí àga."

Kò sẹ́ni tó mira. Ta ni yóò fọwọ́ kan ọmọ ọba? Èèwọ̀ ni, wọ́n sì mọ ẹni tí ìyà rẹ̀ yóò jẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú u, ó ní ó ti ya wèrè ní Kútọnu, ó ní oòrùn yóò lé e kúrò níbẹ̀. Ó ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà wọlé. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wo ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn obìnrin náà, wọ́n sì yí alùpùpù padà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò dárúkọ ẹ̀tọ́ obìnrin rárá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ní kí n máa túmọ̀ láti oṣù mélòó kan, kò lo ọ̀kan níbẹ̀. Bí ó ṣe jẹ́ ọmọ ọba, tó sì jẹ́ ọkọ fún obìnrin mìíràn, òun nìkan ló fi jà.

Oòrùn kò lé e. Ó ń wá lójoojúmọ́ títí kajú fi tán lórí igi. Ó bú èèrà, ó bú oòrùn, ó bú àwọn obìnrin náà pé ọwọ́ wọn kò yá, ó ní kí wọ́n bomi wá kí òun fi ṣan ẹsẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń sùn lórí àga, ẹnu rẹ̀ á ṣí, opó náà á sì fi ìbòrí ara rẹ̀ lé eṣinṣin lójú rẹ̀. Mo bi opó náà bóyá ó ti dárí ìkòkò tí wọ́n dànù jì í. Ó ní ọ̀rọ̀ ìdáríjì kò tíì kàn, ọ̀rọ̀ kajú ló wà nílẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn àgbà pe ìjókòó ní ààfin, torí àwọn arìnrìn-àjò ti ń dúró lójú títì wo ọmọ ọba lábẹ́ igi, wọ́n sì ń ya fọ́tò. Wọ́n dá a pé kí opó náà máa jẹ oko rẹ̀ lọ, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀. Àgbà kan ṣàlàyé fún gbogbo wa pé bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa ti rí láti ayébáyé. Ìlú náà ni wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ àṣà náà rí. Olórí agboolé náà mi orí, ó ní òun ti ń sọ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, obìnrin ni kò gbọ́ òun yé.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ ọba wá láti Kútọnu pẹ̀lú kámẹ́rà. Ó sọ̀rọ̀ fún wọn ní èdè Faransé nípa ìjàgbara àwọn obìnrin, ọ̀rọ̀ náà dùn bí oyin, ẹní tí wọ́n ní kó jókòó lé kò sì sí nínú ẹ̀. Opó dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n mú wá fún ẹ̀rí. Wọ́n ní kí òun náà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi." Mo túmọ̀ rẹ̀. Àwọn àlejò wo ara wọn, ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá ọkọ rẹ̀ kò kú ni. Ó gbà mí lákòókò kí wọ́n tó mọ̀ pé ọmọ ọba tó wà níwájú wọn ló ń pè ní ọkọ, ojú wọn sì fi hàn pé èyí kò wúlò fún fídíò.

Ti ọtí ńkọ́? Kò sọ ọ́ mọ́. Àwọn àgbà tó dá ẹjọ́ fún un fẹ́ràn sódàbì wọn, ọmọ ọba sì mọ ibi tí oore òun ti wá.

Òjò àkọ́kọ́ ló lé e lọ. Ó ní eékún ń dun òun, dókítà òun wà ní Kútọnu. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ kó tó wọ ọkọ̀, ó ní mo ti ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, bí mo tilẹ̀ ní ẹnu. Mo ní kó dé ilé ire. Mo sì fẹ́ kó dé ilé ire lóòótọ́, èyí tó bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni obìnrin kan wá láti Doguè, ó fi ẹsẹ̀ eléruku wọ àtẹ́lìyé mi. Ó ń wá obìnrin tí wọ́n sọ fún un pé bó bá jókòó sórí àga nínú oko ènìyàn, àwọn ọkùnrin kò ní lè wọlé. Ó ní ọkọ òun ti kú, ẹbí rẹ̀ sì ti gba oko. Mo sọ fún un pé obìnrin náà ti lọ. Mo tún sọ òtítọ́ yòókù fún un, pé ẹ̀tọ́ kọ́ ló borí ní Manigri, ìbí ni, àti pé ọmọ ọba náà kì í ṣe ọkọ fún un.

Ó ronú sí i. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, ọmọ ta ni ọ́?"

Mo ní ọmọ àgbẹ̀ oníṣu ni mí.

Ó ní, "A jẹ́ pé kò ní rọrùn nìyẹn. Dìde, ká jọ lọ."

Mo ti ilẹ̀kùn, mo bá a lọ. Ẹbí ọkọ rẹ̀ gbà wá dáadáa. Wọ́n fún wa lómi, wọ́n béèrè ara ilé mi, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ oko kò kan àlejò. Nígbà tí a tún padà lọ, wọn ò fún wa lómi mọ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí, oko náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, kajú rẹ̀ sì ti ń yọ òdòdó.